Ọmọ Tó Ń Ṣẹ́jú Kò Yájú

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí, olùkọ́ àti ará ọjà ní Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta

 

Nílé Yorùbá, ara ń sọ̀rọ̀ bí ẹnu ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí àgbà bá ń bá ọmọ wí, tí ọmọ yínmú, ó ti bú àgbà. Bó bá yọ ṣùtì, ó bú u. Bó bá pòṣé, ìyẹn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá gún èjìká, ohun tó sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa láti má ṣe dán an wò, ẹ̀kọ́ náà sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí imú wọn ń yí fúnra rẹ̀, tí ojú wọn ń ṣẹ́ wéréwéré, tí èjìká wọn ń fò sókè, tí ọ̀fun wọn ń gbin, tí wọn kò sì rán ọ̀kankan nínú wọn níṣẹ́. Ìgbátí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà nílé, ọrẹ́ ló ń jẹ nílé ìwé. Bí ẹ̀rù bá sì ṣe ń bà á tó ni ojú ń ṣẹ́ sí i tó, torí pé ìdààmú ọkàn wà lára ohun tó ń mú un le. Nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo ṣe dúró níwájú yín lónìí.

Tíìkì ni àwọn dókítà ń pe nǹkan náà. Ó jẹ́ ìmira tàbí ìró tó ń jáde lójijì, kíákíá, léraléra, tí ẹni tó ń ṣe é kò pète rẹ̀. Láàárín ọmọ ọdún márùn-ún sí méje ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ojú ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn náà ó lè dé ẹnu, ọrùn, èjìká, kó tó kan ìró: ọmọ á máa fín imú láìní ọ̀fìnkìn, á máa họ ọ̀fun láìní ikọ́. Bó bá fi ojú sílẹ̀ lóṣù yìí, á mú ọrùn lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà míì á lọ pátápátá, ìyá á dúpẹ́, á tún padà. Nígbà tí ọmọ bá wà ní nǹkan bí ọdún 10 sí 12 ló máa ń le jù, bó bá sì ti ń di géńdé ni ó ń dín kù lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọkùnrin tó ń ní in tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin àwọn obìnrin.

Bí ìmira bá ju ẹyọ kan lọ, tí ìró náà wà níbẹ̀, tó sì ti lé lọ́dún kan, orúkọ tó ń jẹ́ ni Tourette, tí wọ́n fi sọrí Georges Gilles de la Tourette, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ̀wé nípa aláìsàn mẹ́sàn-án ní Paris lọ́dún 1885. Ẹ lè ti rí i nínú fíìmù pé ẹni tó ní Tourette á máa bú èébú rírùn láìdákẹ́. Àwọn díẹ̀ nìkan ló ń rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100. Àwọn yòókù ń ṣẹ́jú, wọ́n ń gbin, wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù á rántí Tim Howard, aṣọ́lé ọmọ Amẹ́ríkà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United àti Everton. Tourette ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí Amẹ́ríkà bá Belgium pàdé níbi Ife Àgbáyé ọdún 2014, bọ́ọ̀lù tó tó 15 ló lé padà lẹ́nu ilé.

Ohun kan wà tó ń da àwọn olùkọ́ láàmú, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọmọ lè mú tíìkì mọ́ra fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ní “Dúró jẹ́ẹ́!”, ó lè dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin á wá ní, “Ẹ ò rí i? Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni.” Rárá o. Kí tíìkì tó jáde, nǹkan kan á ti máa rìn ín lára níbi tó ti fẹ́ jáde, á máa le koko, títí yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ti fi gbogbo agbára mú un mọ́ra láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí dé ìgbà tí aago ilé ìwé lù, nígbà tó bá délé ni gbogbo rẹ̀ ń ya jáde. Ìyá á ní, “Olùkọ́ rẹ ní o kì í ṣe é nílé ìwé, èmi lo wá ń ṣe é sí.” Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń jẹ̀bi lọ́nà méjèèjì.

Kì í ṣe gìrì. Kì í ṣe wárápá, nítorí ọmọ mọ ibi tó wà, kò ṣubú, ó ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ̀mí kankan kò sì gùn ún. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, èmi náà ń gbàdúrà fún tèmi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n de ọmọ ọdún méje mọ́lẹ̀ torí pé ó ń ṣẹ́jú, kí wọ́n fi ebi pa á, kí wọ́n da ata sí i lójú, ìkà ni, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é.

Kí ló wá fà á? Nínú ọpọlọ, jinlẹ̀ lábẹ́ èyí tó ká kòrókòró lókè, àwọn ibì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yan ìmira tí yóò jáde àti èyí tí yóò dúró sílé. Wọ́n ń ṣe bí ẹni tó dúró ti ọ̀pá ìdábùú níbi tí ojú irin ti gba títì kọjá: ó ń gbé ọ̀pá sókè fún èyí tó yẹ kó kọjá, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ fún èyí tí kò tíì kàn. Lára ọmọ tó ní tíìkì, ọ̀pá náà ń ṣí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣí.

Ìran wà nínú rẹ̀, èyí dájú. Ìbejì ni wọ́n fi rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985, àwọn oníwádìí fi ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá wé ìbejì tí ẹyin méjì bí. Láàárín àwọn ẹlẹ́yin kan, bí ọ̀kan bá ní Tourette, èkejì náà ní in nínú nǹkan bí 53 nínú 100. Láàárín àwọn ẹlẹ́yin méjì, kò ju nǹkan bí 8 lọ. Ẹ ṣírò ìyàtọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo apá kejì rẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ìran nìkan ni, kí ló dé tí 53 náà kò di 100? Àwọn méjèèjì jọ ní jíìnì kan náà láti orí dé ẹsẹ̀. Nǹkan mìíràn ti ní láti dé bá ọ̀kan tí kò dé bá èkejì.

(Ó dùn mí láti sọ ọ́, àwa la ní ìbejì jù láyé. Ìgbó-Ọrà tí kò jìnnà sí wa níbí ni ọ̀jọ̀gbọ́n Percy Nylander ti Ìbàdàn ti ka ìbejì tó tó nǹkan bí 45 nínú 1,000 ìbímọ. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti wá ń fi ìbejì ṣèwádìí tíìkì.)

Nínú àwọn nǹkan mìíràn tó lè dé bá ọmọ náà ni ọ̀rọ̀ sójà ara ti wọlé. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ funfun ló ń bá kòkòrò jà nínú wa, òun la ń pè ní sójà ara. Lọ́dún 1686, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Sydenham, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń jó láìsí ìlù. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí wọ́n tó mọ orísun rẹ̀: kòkòrò kan tó ń jẹ́ streptococcus ló ń mú ọ̀fun ọmọ, bíi bẹ́lúbẹ́lú tó ń dun ọmọ wa. Sójà ara á rọ ohun ìjà láti pa kòkòrò náà. Àmọ́ ara kòkòrò yẹn fi díẹ̀ jọ ara wa, ohun ìjà náà á wá ṣìnà, á kọlu ọkàn, oríkèé, àti ibi jíjinlẹ̀ tí mo sọ nínú ọpọlọ. Àìsàn ọkàn tó ń ti ibẹ̀ wá ṣì ń pa àwọn ọmọ ní Nàìjíríà, nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olówó ayé.

Lọ́dún 1998, Dókítà Susan Swedo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọ 50 tí tíìkì tàbí àṣetúnṣe aláìnídìí bẹ̀rẹ̀ lára wọn lójijì, tó sì ń le sí i lẹ́yìn tí kòkòrò ọ̀fun yìí bá mú wọn. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sójà ara ló ń ṣìnà lára àwọn náà. Ìrètí gba ọkàn ọ̀pọ̀ òbí: bó bá jẹ́ kòkòrò ni, oògùn kòkòrò á wò ó! Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ. Ní Yúróòpù, wọ́n tẹ̀ lé ọmọ 715 tó ní tíìkì fún ju ọdún kan lọ, wọ́n ń yẹ ọ̀fun àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò lóòrèkóòrè. Èsì tó jáde lọ́dún 2021 kò rí i pé kòkòrò ọ̀fun ló ń mú tíìkì le lára wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín, ẹ má lọ ra Ampiclox ní kẹ́míìsì nítorí pé ọmọ ń ṣẹ́jú. Oògùn tí a bá ń lò láìnídìí, ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an kò ní dá wa lóhùn. Àfi bí ọmọ tí ọ̀fun ń dùn láìpẹ́ bá ṣàdédé yí padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó, tí oríkèé rẹ̀ wú, tí ó ń mí gúlegúle. Irú ìyẹn kò gbọ́dọ̀ sùn nílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n gbọ́ ọkàn rẹ̀.

Èsì Yúróòpù yẹn kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ sójà ara ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ti kúrò nínú ọ̀fun ni, ó ti wọnú jíìnì. Ní Denmark, wọ́n yẹ ìwé àwọn ọmọ tó ju mílíọ̀nù kan lọ wò. Àwọn ọmọkùnrin tí ìyá wọn ní àìsàn tí sójà ara fi ń kọlu ara, Tourette pọ̀ díẹ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó ní Tourette tó ti kú wò, wọ́n rí i pé àwọn jíìnì ìgbèjà ara ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní ibi jíjinlẹ̀ náà. Lọ́dún 2019, àwọn oníwádìí orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó jíìnì ẹni 4,819 tó ní Tourette jọ, wọ́n fi wé ti ẹni 9,488 tí kò ní in. Ibì kan ṣoṣo ló yọrí: jíìnì FLT3, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ara ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀ funfun. Wọ́n gbé e lọ dán wò lára àwọn ará Iceland, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2021 ẹgbẹ́ mìíràn kò wo jíìnì ní ẹyọ-ẹyọ mọ́, wọ́n wò wọ́n ní agbo-agbo, agbo tó níí ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń jẹ́ lymphocyte sì wà lára èyí tó yọjú.

Kò sí jíìnì tíìkì kan ṣoṣo, kò rí bíi ti jínótáìpù AS àti SS tí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì ló ń dá díẹ̀díẹ̀. Ìdílé kan péré ni ọ̀rọ̀ ti rí bí ẹni pé ọ̀kan ló dá a ṣe: bàbá àti ọmọ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ní Tourette, àṣìṣe kan náà ló sì wà nínú jíìnì HDC lára gbogbo wọn. Jíìnì yẹn ló ń jẹ́ kí ara ṣe histamine, èyí tí Piriton ń bá jà nígbà tí ara bá ń yún wa. Nínú ọpọlọ, iṣẹ́ mìíràn ni histamine ń ṣe. Ẹ má tìtorí èyí ju Piriton nù, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Àwọn ìwádìí jíìnì ńláńlá tí mo kà sílẹ̀ yìí, ìran àwọn aláwọ̀ funfun ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n gbé lé. Kì í kúkú ṣe pé wọn kò mọ̀ wá. Nígbà tí gbogbo ayé ń ya àwòrán jíìnì ọmọ ènìyàn láti ọdún 2002, Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn àkọ́kọ́: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, ènìyàn 90, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe agbátẹrù bí wọ́n ṣe bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Títí di òní, àwọn oníwádìí jíìnì káàkiri ayé ṣì ń lo ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá dé ibi gbogbo, ọmọ Yorùbá tó ń ṣẹ́jú kò sí nínú ìwé.

Àìsí wa nínú ìwádìí náà sì ṣe pàtàkì ní ti sójà ara ju ohunkóhun lọ, torí pé ibà ló kọ́ sójà tiwa níjà. Lọ́dún 1954 ni oníwádìí kan, Anthony Allison, fi hàn pé ẹni tó jẹ́ AS kì í tètè kú fún ibà, ìdí sì nìyẹn tí S fi pọ̀ láàárín wa. Àmì kan tún wà lórí ẹ̀jẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Duffy. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnì kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ní in, nítorí náà irú ibà kan tó ń jẹ́ vivax kì í rí ọ̀nà wọlé sí wa lára bọ̀rọ̀. Jíìnì tí kò jẹ́ kí àmì yẹn hàn náà ló ń jẹ́ kí irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan kéré lára wa ju lára àwọn ará Yúróòpù lọ, tí ara wa sì le koko. Bí iye ẹ̀jẹ̀ funfun wa pàápàá kò bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tiwọn, báwo ni a ó ṣe gbé àbájáde jíìnì sójà ara tiwọn wọ ọmọ Láfẹ́nwá lọ́rùn láìdán an wò? Jíìnì tó léwu fún tiwọn lè má léwu fún tiwa. Èyí tó wà nínú tiwa, wọn ò tíì bá a pàdé rárá.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti kọ ọ́ sínú ìwé pé nǹkan bí ọmọ ilé ìwé kan nínú 100 ló ní Tourette káàkiri ayé, àfi láàárín àwọn ènìyàn dúdú gúúsù Sàhárà, níbi tó ṣọ̀wọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ó sì ti fèsì. Lọ́dún 1953, dókítà ọpọlọ kan, J. C. Carothers, kọ ìwé kan fún àjọ ìlera àgbáyé, ó ní ìsoríkọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára àwọn ènìyàn dúdú. Lọ́dún 1954, dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, akẹ́kọ̀ọ́jáde Baptist Boys' High School, dé láti ìlú òyìnbó sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Arò. Àwọn abúlé tó yí Arò ká ló fi àwọn aláìsàn sí pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, tí wọ́n sì ń dáko. Lọ́dún 1961, òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Leighton láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wọ àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n jókòó ti àwọn àgbàlagbà, wọ́n bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń sùn, bí ọkàn wọn ṣe rí. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1963. Àmì ìsoríkọ́ wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò béèrè ni.

Ẹ wo bí Arò ṣe súnmọ́ Láfẹ́nwá tó. Síbẹ̀ ìyá tó ń tajà níbí á gbé ọmọ rẹ̀ dé orí òkè àdúrà mẹ́ta kó tó ronú àtiyà sí Arò, nítorí ohun tí ará ọjà á sọ. Mo mọ ohun tí ojú àwọn ìyá ń rí, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Àwa tá à ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn ni kí á jáwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi fóònù ya fídíò ọmọ náà nílé láìpariwo. Tíìkì a máa sá lójú dókítà. Ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ibi tó kọ́kọ́ mú, bóyá ọ̀fun dun ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń sùn, bóyá ó ń tún ọwọ́ fọ̀ láìdúró tàbí kò lè jókòó sójú kan. Ẹ béèrè nínú ẹbí, lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ẹni tó máa ń ṣẹ́jú ní kékeré. Àwọn bàbá, ẹ má purọ́ níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo tíìkì ló ń fẹ́ oògùn. Bí kò bá dun ọmọ, tí kò dí ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, kí gbogbo ilé yé mẹ́nu kàn án, ìtọ́jú ni ìyẹn náà. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan tún wà tí kò ná wa ní kóbọ̀ oògùn: wọ́n á kọ́ ọmọ láti mọ ìgbà tí nǹkan náà ń rìn ín lára, kó sì fi ìmira mìíràn tí kò hàn síta dí i lọ́nà, bíi kó rọra fa èjìká wálẹ̀ nígbà tó fẹ́ fò. Lọ́dún 2010, wọ́n dán an wò lára ọmọ 126 ní Amẹ́ríkà. Ju ìdajì àwọn tó gbà á ló sàn dáadáa, àwọn tí wọ́n kàn bá sọ̀rọ̀ ìtùnú tó sàn kò tó 20 nínú 100. Bó bá wá le débi oògùn, haloperidol wà, risperidone wà, clonidine wà. Dókítà ló ń kọ ọ́, torí pé wọ́n lè mú ara ọmọ gan, kí wọ́n sì mú un sùn jù.

Mo wá ní ẹ̀bẹ̀ kan. Kí a ka àwọn ọmọ wa. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Láfẹ́nwá, kíláàsì kan lẹ́ẹ̀kan, sáà kan gbáko, nítorí tíìkì ń lọ ó ń bọ̀, ẹni tó bá wò ó lọ́jọ́ kan kò tíì rí i. Kí àwọn olùkọ́ máa sàmì sí ohun tí wọ́n rí láìdárúkọ ọmọ kankan síta. Kí òbí fọwọ́ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. A ò ní gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nísinsìnyí. Bí ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ bá dé lọ́jọ́ iwájú, kí ó jẹ́ pé a ti mọ iye wa, a ti mọ ìbéèrè tí a fẹ́ kí wọ́n bá wa dáhùn, kí èsì rẹ̀ sì padà wá sílé. Ẹ̀yin olùkọ́ tó bá fẹ́ kí kíláàsì tiyín wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Ẹ jẹ́ kí á jọ jókòó ti tábìlì ẹ̀gbẹ́ yìí, kí a jọ to àwọn ìbéèrè náà, torí ẹ̀yin lẹ mọ ojú àwọn ọmọ yìí jù mí lọ.